Bí Pajápajá Ṣe Fi Ẹsẹ̀ Bàbá Rẹ Sílẹ̀

Abúlé wa, lẹ́bàá òkè yanrìn Merzouga,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Itto, ọmọ mi àtàtà,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Kasablanka níbẹ̀ yẹn, kó bá ọ wọ yàrá, kó bá ọ dé ibi iṣẹ́, kó bá ọ jókòó sídìí ẹ̀rọ tó o ní o máa ń tẹ̀ láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ọwọ́ rẹ kò ní rẹ̀. Ojú rẹ kò ní ṣú. Òtútù etí òkun kò ní ríbi wọ̀ sí ọ lára, àwọn ọ̀gá rẹ kò sì ní fi ojú burúkú wò ọ́. Èmi bàbá rẹ, Bassou, ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, mi ò bẹ tíṣà o, torí náà bí lẹ́tà kan bá dorí kodò, fi sùúrù gbé e dìde. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù torí ọ̀rọ̀ náà gùn, owó inú fóònù sì máa ń tán nígbà tí a bá ṣì ń kí ara wa lọ́wọ́.

Ìyá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, abo ni méjèèjì. Kànga ṣì lómi. Dàbínù ọdún yìí so dáadáa, Ijja ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ṣì ń bá gbogbo ayé jà, àmọ́ ara rẹ̀ le. Mo fẹ́ ka ìròyìn ilé tán lẹ́sẹẹsẹ kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ gan-an, bó ṣe yẹ kí àgbàlagbà kọ̀wé, ṣùgbọ́n mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Itto, mo sùn. Mo kírun alẹ́ tán, mo fẹ̀yìn lélẹ̀, ohun tí mo tún gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ládàánì tó ń pe ìrun àárọ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko rèé, ká yọ ti àná kúrò, màá sọ ìyẹn níkẹyìn. Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá lójúde wa, àwọn kan ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá báyìí kí n má bàa tún un sọ.

O rántí bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń ṣe nígbà tó o wá ṣe Iléyá. Lọ́sàn-án, á máa ta mí ṣinrinṣinrin bí ìgbà tí èèrà bá ń gba abẹ́ awọ kọjá. Ìyẹn kò le. Ti òru ló le. Bí mo bá ti nà sórí ẹní báyìí, tí oorun fẹ́ gbé mi lọ, pajápajá á ki mí mọ́lẹ̀, iṣan ẹ̀yìn ojúgun á ká jọ, á le gbandi, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ á máa wo òkè, èmi náà á sì figbe bọnu. Nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta lóru, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo sì ń tàpá láìmọ̀. Mo ti ta ìkòkò tíì, mo ti ta àtùpà, lóru ọjọ́ kan mo ta ìyá rẹ ní ìbàdí, ó sì tiro fún ọjọ́ méjì. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo tún ta á níbi kan náà.

Bí ìyá rẹ ṣe ká kúbùsù rẹ̀ nìyẹn. Kò pariwo, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ń lọ sùn lọ́dọ̀ Ijja, òun á máa wá dáná lọ́sàn-án, òun á máa bọ́ ewúrẹ́, ṣùgbọ́n òun kò ní padà sórí ẹní yẹn àfi bí nǹkan bá yí padà. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni èmi àti Tuda ti jọ ń sùn nínú yàrá yẹn, Itto. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ń sọ ọ́ káàkiri abúlé pé Bassou fẹ́ fẹ́ ìyàwó kékeré, ìdí nìyẹn tí ìyáálé fi kó jáde. Lèmọ́mù gan-an pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìrun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í là mí lóye nípa ẹ̀tọ́ ìyàwó. Mo ní ẹsẹ̀ mi ni. Ó ní gbogbo ọkùnrin ló máa ń di ẹ̀bi ru ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tó o bèèrè ìyá rẹ lórí fóònù, mo ní ó lọ sídìí kànga. Mi ò purọ́, kò sí ọjọ́ tí kì í lọ sídìí kànga.

Ìrora náà kọ́ ló ń pa mí jù. Bí pajápajá bá mú mi tán, tó sì tú mi sílẹ̀, mo máa ń dùbúlẹ̀ níbẹ̀, mi ò ní gbọ́ mímí ẹnikẹ́ni nínú yàrá. Ìyẹn ló ń pa mí. Mo fẹ́ kí ìyá rẹ padà wálé, mi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣe sí ẹsẹ̀ méjì tí kò gbọ́ràn.

Mo gbìyànjú o. Addi ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yanrìn, ní kí n fi ọṣẹ sábẹ́ ẹní. Mo fi ọṣẹ sábẹ́ ẹní, eku gbé e lọ. Ó ní kí n fi ọ̀rá ràkúnmí pa ẹsẹ̀. Mo fi pa á, àwọn ajá sì tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣálááṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n dúró dè mí títí a fi kírun tán. Ìgbà náà ni mo wá bi ara mi pé irú òmùgọ̀ wo ni èmi yìí ná. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń sin àwọn èèyàn sínú yanrìn gbígbóná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ń ti Fez wá, wọ́n ń ti Rabat wá, wọ́n ń ti òkè òkun wá, eléékún àti ẹlẹ́yìn dídùn. Èmi àti Addi la ń gbẹ́ kòtò láàárọ̀ kí oòrùn lè ráyè wọ inú rẹ̀, lọ́sàn-án a ó tẹ́ wọn síbẹ̀, a ó wa yanrìn bò wọ́n dé ọrùn, a ó fi agboòrùn ṣíji bo orí wọn, a ó máa fún wọn lómi mu. Òfin kan ṣoṣo ni iṣẹ́ wa ní: ẹni tó wà nínú yanrìn ló ń sọ ìgbà tó gbóná tó. Bó bá ti sọ ọ́, a ó wú u jáde. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mi ò dùbúlẹ̀ síbẹ̀ rí lọ́jọ́ kan.

Ni Addi bá gbẹ́ tèmi. Ó wa yanrìn bò mí, ó bi mí ṣé ó ti gbóná. Mo ní àyà mi ń gbóná díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí àìsàn wà, kò tíì mọ nǹkan kan. Mo ní kó kó ti àyà kúrò, kó lọ wa èyí tó gbóná jù wá láti orí òkè, kó dà á lé mi lẹ́sẹ̀. Ó wa á wá. Ó tún bi mí, mo ní kó tún wa sí i. Ọkùnrin ará Fez kan wà nínú kòtò kejì, géńdé onírun àyà, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi ní kí wọ́n gba òun. Èmi lo ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Nígbà tí Addi wú mi jáde, àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́ fún mi, ará Fez náà ní kí wọ́n ya òun pẹ̀lú mi ní fọ́tò. Mo ronú pé lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá rẹ máa ká kúbùsù rẹ̀ padà.

Ìyá rẹ gbé oúnjẹ wá lálẹ́, ó rí àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti òsì. Ó ti lé, omi wà nínú rẹ̀, ó tó ẹyin adìẹ. Inú mi dùn gan-an. Mo ní wò ó, àìsàn ti ń jáde, ọwọ́ ti bà á. Ìyá rẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó bi mí ṣé ó dùn mí. Mo ní kò dùn mí rárá, ohun tó fi hàn pé ìwòsàn ni nìyẹn. Ó wo ojú mi títí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tó fi dé pẹ̀lú ìborùn lórí, ó ní kí n dìde, ọkọ̀ tó ń lọ sí ọjà Rissani ti ń dúró.

Ọmọ mi, ilé ìwòsàn Rissani mọ́ tónítóní. Nọ́ọ̀sì fún mi ní fọ́ọ̀mù kan. Wọ́n bèèrè ọjọ́ ìbí mi, mo kọ ọ́ pé ọdún tí eéṣú jẹ gbogbo oko, lọ́jọ́ ọjà, lẹ́yìn àlàásárì. Wọ́n bèèrè àdírẹ́sì, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kànga, kí wọ́n wá ilẹ̀kùn tí ewúrẹ́ dúdú ń dúró níwájú rẹ̀, bí ewúrẹ́ bá ti jẹ lọ kí wọ́n bèèrè mi lọ́wọ́ Addi. Wọ́n bèèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo bi nọ́ọ̀sì pé kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan, bàbá, bí fọ́ọ̀mù ṣe rí nìyẹn. Mo kọ orúkọ rẹ síbẹ̀, mo sì fi kún un pé ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, kí nǹkan náà jọ̀ọ́ ṣẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n gún mi níka, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ mi kan ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ̀rọ sì fún mi ní máàkì. Ọkùnrin tó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì gba ọ̀kan àti díẹ̀. Ìyá àgbà kan gba méjì. Èmi gba mẹ́ta lé. Mo dìde, mo bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n má fi ṣe ìbànújẹ́, wọ́n á ṣe dáadáa sí i nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé sọ́dọ̀ dókítà, kò bá mi yọ̀. Ghizlane lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin kékeré tí kò tíì tó ọ lọ́jọ́ orí. Ó ní ìyẹn ni iye ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Mo bi í bóyá ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù kọ́ ló yege. Ó ní rárá, bàbá, òdìkejì rẹ̀ ni.

Ó wá mú irin kan jáde, irin ẹlẹ́ka méjì bí àmúga, ó gbá a mọ́ ọwọ́ rẹ̀, irin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó fi ìdí rẹ̀ lé kókósẹ̀ mi, ó ní ṣé mo mọ̀ ọ́n lára. Mo ti mọ̀ pé fóònù ni, irú tuntun tí kò ní bọ́tìnì, tí wọ́n fi ń pe ẹsẹ̀ tààrà láìgba ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Ẹsẹ̀ mi kò dáhùn. Ojú tì mí, Itto. Ọmọ ọlọ́mọ kàwé kàwé títí, ó rìn láti Rabat wá pe ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ wá dákẹ́ bí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Mo bá a dáhùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń kùn dáadáa, ẹ kú iṣẹ́. Ó ní kí n sọ fún òun bó bá ti dákẹ́. Mo ṣì ń sọ pé kò tíì dákẹ́ nígbà tó ti gbé irin náà sórí tábìlì.

Ó wá ní kí n dijú. Ó ní okùn tín-ín-rín kan lọ́wọ́, bí okùn ìpẹja, ó ní òun á máa fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ibi tí mo bá ti mọ̀ ọ́n lára kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí n má purọ́ fún ọ, mi ò mọ nǹkan kan lára. Ṣùgbọ́n àga rẹ̀ máa ń dún bó bá ti tẹ̀ síwájú, mo sì gbọ́ àga yẹn dáadáa. Bí àga bá ti dún, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò tàsé ẹyọ kan. Inú mi ń dùn pé mo tún ń gba máàkì. Àga tún dún, ó dún gan-an, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó hàn kedere. Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí mo lajú, dókítà ti dìde kúrò lórí àga, ó dúró létí fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò, ó ń wò mí.

Ìyá rẹ ló sọ̀rọ̀. Kò gbóhùn sókè. Ó ní dókítà, ẹ má gbà á gbọ́, bó ṣe dá yanrìn lóhùn náà nìyẹn. Ó ní ọkùnrin yìí kò lè sọ fún olóúnjẹ pé iyọ̀ pọ̀ jù, ó wù ú kó jẹ ẹ́ tán kó sì ṣàìsàn. Ó ní àwọn èèyàn rò pé ìpá tó ta òun ló lé òun jáde, ìpá kò pa òun. Ó ní ohun tó lé òun jáde ni pé bí òun bá bi í láàárọ̀ bóyá ẹsẹ̀ dùn ún mọ́jú, á ní rárá o, ara òun le koko, òun tó jẹ́ pé igbe rẹ̀ ló jí àwọn ewúrẹ́. Ó ní òun kò lè máa sùn ti ẹni tí òun kò mọ ohun tó ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Mi ò tíì rí ẹkún ìyá rẹ láti ọjọ́ tó o wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kasablanka. Mi ò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí, mo kàn ń wo ẹsẹ̀ mi, àwọn tó dá gbogbo ọ̀ràn náà sílẹ̀.

Dókítà fún un ní omi mu. Ó tún jókòó, ó ní ká tún un ṣe, lọ́tẹ̀ yìí bó bá jẹ́ rárá ni kí n ní rárá, kò ní dun òun. Ó fi okùn kàn mí níbi mẹ́wàá. Ibi méjì péré ni mo mọ̀. Ó ní ṣúgà ló ti ń jẹ àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn láti ẹsẹ̀ lọ sórí. Ti àtẹ́lẹsẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, ìdí nìyẹn tí yanrìn fi sun mí tí mi ò mọ̀. Ti òkè ibẹ̀ kò tíì kú, orí wọn ló dàrú, wọ́n á máa pariwo lóru láìsí ohun tó ṣe wọ́n, wọ́n á sì fa pajápajá. Àìsàn kan náà ni, Itto, apá kan kò lè sọ̀rọ̀, apá kan kò lè dákẹ́. Ó ní ká ní mo fi ojú iná yẹn sílẹ̀ títí á fi rà, wọn ì bá gé ẹsẹ̀ náà. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ó ní kí n má gbé ẹsẹ̀ wọnú yanrìn mọ́ láyé mi.

Ó tọ́jú ojú iná náà, ó dì í. Ó fún mi ní oògùn ṣúgà tí mò ń lò láàárọ̀, àti ẹyọ kan fún iṣan tí mò ń lò lálẹ́. Ó ní kí n má fi ṣúgà sí tíì mọ́. Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ife tíì tí mò ń wò ó, tí òun náà ń wò mí. Mo ti ń mu ún báyìí, ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ewé, ṣùgbọ́n mò ń mu ún. Àwọn àlejò ṣì ń mu tiwọn pẹ̀lú ṣúgà o, kí wọ́n má bàa sọ ọ́ níta pé ilé wa ti gbẹ.

Ó tún kọ́ mi ní ohun tí mo máa ṣe kí n tó sùn. Màá kọjú sí ògiri, màá fi ọwọ́ méjèèjì tì í, màá na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, gìgísẹ̀ á wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ, iṣan á máa fà, màá ka ọgbọ̀n kí n tó yí i padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, Addi yọjú lójú fèrèsé, ó rí mi tí mò ń ti ògiri tí mò ń kérora tí mò ń kà. Ó sáré lọ, mi ò mọ ibi tó ń lọ, ìgbà tó máa fi dé òun àti ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n gbé ìtì ọ̀pẹ wá láti fi gbé ògiri ró, wọ́n ní kí n rọra mú un bẹ́ẹ̀ kí n má fi sílẹ̀. Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbà. Ìtì ọ̀pẹ náà ṣì wà níbẹ̀ di òní, ibẹ̀ ni ìyá rẹ ń sá aṣọ sí.

Ó tún yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Nọ́ọ̀sì gba fóònù mi lọ́jọ́ yẹn, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ní kí n má bàa gbàgbé oògùn alẹ́. Mi ò mọ ohun tó sọ fún ọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò sí alẹ́ kan tí o kì í pè mí ní agogo mẹ́jọ géérégé. Mo máa ń gbé e, mo máa ń kí ọ, mo máa ń sọ gbogbo bí ọjọ́ ṣe lọ fún ọ, o ò sì dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu rí. Ìlú ńlá ti kọ́ ọ ní sùúrù. Addi ní ọmọ tòun ní Marrakesh kì í pe òun ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, mo ní kó lọ wá ọ̀nà tí yóò fi tọ́ ọ dáadáa.

Oògùn náà kò ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ kìíní, pajápajá ṣì ń wá, ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mo lè fi lé e: màá di ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mú, màá fà wọ́n sọ́dọ̀ ara mi, á sì tú. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀kan lóru. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jí láàárọ̀, mo rò pé mo ti kú, torí kò sí ohun tó dùn mí. Máàkì mi ti wálẹ̀ sí ọ̀kan àti díẹ̀, mi ò sì tu ẹnikẹ́ni nínú lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Ojú iná náà ti jiná, dókítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Àràárọ̀ ni mò ń fún ìyá rẹ lábọ̀ bí mo ṣe sùn. Ó ní òun ti gbọ́, òun ṣì ń wò ó.

A ṣì ń sin èèyàn sínú yanrìn, má ṣèyọnu. Ṣùgbọ́n ní báyìí, kí ẹnikẹ́ni tó wọ kòtò, màá ní kó dijú, màá fi igi ìgbálẹ̀ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ níbi mẹ́wàá. Ilẹ̀ ni mò ń jókòó sí, kí ohunkóhun má bàa dún. Mo ti dá méjì padà. Ọ̀kan nínú wọn ni ará Fez onírun àyà yẹn, ó tún padà wá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí mi ò tíì gbé ọwọ́. Mo ní kó máa lọ rí dókítà. Ó bínú, ó ní òun ti sanwó, ó ní kí ni asinyanrìn mọ̀ nípa ẹsẹ̀. Addi gan-an ní kí n má lé owó lọ. Mo dá owó rẹ̀ padà fún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi nǹkan ránṣẹ́ láti fi dúpẹ́, ó ní wọ́n ti rí ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ òun náà. Odidi òkìtì ṣúgà méjì ló fi ránṣẹ́. Ijja ti kó wọn lọ.

Itto, mo nílò ìbọ̀sẹ̀ funfun mẹ́ta, èyí tí kò ní ojú rírán nínú. Dókítà ní kó jẹ́ funfun kí n lè rí i bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí i. Mo nílò bàtà tó bo ọmọ-ìka, kó fẹ̀, mi ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán rìn mọ́, kódà nínú ilé. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ kún un fún oògùn oṣù tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ bá ọkùnrin ibi tí wọ́n ti ń gba owó sọ̀rọ̀. Nígbà tó o fi owó ránṣẹ́ kẹ́yìn, ó ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí náà fún òun. Mo ní ọmọ mi ní àṣírí ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí n sọ ọ́. Mo ní èmi kọ́ ló máa tú àṣírí ọmọ mi. A wo ara wa títí ó fi ti ilẹ̀kùn. Owó náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ̀wé sí i pé o fọwọ́ sí i. Bákan náà, bó o bá ń pè mí lálẹ́, sún un síwájú díẹ̀, ó máa ń bọ́ sí àárín ìrun.

Ó ku ẹyọ kan. Kì í ṣe ohun tí bàbá ń kọ sí ọmọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíì tó lè ka ìkọ̀wé mi. Lálẹ́ àná, ìyá rẹ gbé kúbùsù rẹ̀ wọlé. Ó tẹ́ ẹ síbi tó máa ń tẹ́ ẹ sí. Èmi náà ti ògiri mi, mo lo oògùn mi, mo sùn. Òun kò sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jí mi, tó ń bi mí bóyá mo ṣì wà láyé, ó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń dẹ́rù ba òun. Láàárọ̀ yìí, kí a tó dìde, ó ní òun gbé ẹsẹ̀ òun lé ẹsẹ̀ mi mọ́jú. Ó bi mí bóyá mo mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ti dé ẹnu mi, Itto. Mo gbé e mì. Mo ní rárá, Tuda, mi ò mọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè sí kókósẹ̀ mi, ó ní níbí ńkọ́. Mo ní rárá. Ó gbé e gòkè sí ojúgun, mo ní rárá, ó tún gbé e gòkè. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kan orúnkún, mo ní ibẹ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ tutù. Ó ní ó dáa, ibẹ̀ lòun á máa gbé e sí.

Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní ẹni tí o lè sọ òótọ́ fún. Kò ní jẹ́ kó pẹ́ kó o tó rí i.

Èmi ni, bàbá rẹ,
Bassou.